Ta Ló Yẹ Ká Kí Nítorí Ajá?

Ọ̀rọ̀ ajá kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọkùnrin méjì ní àdúgbò wa, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà wá sí ìsọ̀ mi. Ìjà náà ti parí, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ mi kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí ó kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ.

New Kru Town ni mò ń gbé, ní erékùṣù Bushrod, ní Monrovia tí í ṣe olú-ìlú Láìbéríà. Etí òkun gan-an ni. Àwọn ẹ̀yà Kru, tí wọ́n jẹ́ apẹja àti atukọ̀ láti ìgbà baba ńlá wọn, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940 ni wọ́n kó wọn wá síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté tí a ń pè ní Freeport. Láti ọdún pípẹ́ ni òkun ti ń jẹ ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé tí ẹ rí lónìí lè máà sí níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn òjò ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ti kó òkúta ńláńlá dí etí omi nítòsí ilé-ìwé D. Tweh, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló wà lẹ́yìn òkúta.

Ajá tí mò ń wí yìí kì í ṣe ajá òyìnbó. Abo ajá ìbílẹ̀ ni, pupa, onírù kíká, irú èyí tí ẹ máa rí mẹ́wàá rẹ̀ kí ẹ tó dé òpin títì. Apẹja kan tó jẹ́ ọmọ Kru ló ni ín. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, ọkọ wà ní Buchanan níbi tó ti lọ pẹja, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ márùn-ún. Òjò ń rọ̀, òkun ń ru. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Wọ́n ní kó dákẹ́, kò dákẹ́. Ó ń fi èékánná ha ilẹ̀kùn títí ìyàwó fi dìde pé òun fẹ́ lọ lù ú. Ẹsẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ibùsùn, inú omi ló bọ́ sí. Ó kó àwọn ọmọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò tí ògiri ẹ̀yìn ilé fi wó.

Kí oòrùn tó mú, òkìkí ajá náà ti kàn dé ọjà Duala tí mo ti ń ta aṣọ. Nígbà tó lóyún lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń san owó sílẹ̀ de ọmọ inú rẹ̀. Ibi tí owó bá sì ti wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan wà tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe ló ń ṣe, ó sì ti pẹ́ ní Monrovia jù mí lọ. Òun ló ni ìyá ajá yìí, ilé rẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Bàbá ní òun ló yẹ kí wọ́n máa kí, àti pé ìdajì owó àwọn ọmọ ajá náà tọ́ sí òun. Apẹja ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Nítorí pé èmi àti bàbá jọ ń sọ Yorùbá, tí ìyàwó apẹja sì jẹ́ oníbàárà mi, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn wọ́ wá.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ bá mi dá sí i. Ajá kì í já bọ́ láti ọ̀run. Èmi ni mo mọ ìyá rẹ̀, èmi ni mo mọ bàbá rẹ̀. N kò jẹ́ kí akọ ajá kankan tó ń ṣa ààtàn kiri gun ìyá rẹ̀. Ajá ọlọ́dẹ kan tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí nítòsí èbúté ni mo lọ bẹ̀, ajá tí kì í gbó lásán. Nígbà tí wọ́n bí wọn, àwọn ènìyàn ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn gbé ọmọ ajá lọ lọ́mọ oṣù kan. Mo kọ̀. Oṣù méjì ni mo fi wọ́n sọ́dọ̀ ìyá wọn. Mo fún wọn ní oògùn aràn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń gbé wọn káàkiri kí wọ́n lè mọ ènìyàn. Iṣẹ́ ta wá nìyẹn?"

Apẹja náà kò gbà. Ó ní òun kò gba ajá lọ́fẹ̀ẹ́, abọ́ ńlá ẹja kan lòun gbé fún bàbá. "Pápá, ẹni tó hun àwọ̀n tó sì tà á fún mi, ṣé ó máa ń wá pín ẹja lọ́wọ́ mi?" Ó tún ní ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí lọ́jọ́ náà. Níbo ni àwọn márùn-ún yòókù wà? Kẹ̀kẹ́ ti pa ọ̀kan. Òmíràn wà lókè ọ̀hún, olè wọ ilé olówó rẹ̀ tó ń sùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló gbó lóru ọjọ́ yẹn, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ kan náà kò gbó ní ilé tọ̀hún?

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ náà ti sin ajá mẹ́ta ṣáájú èyí. Èwo nínú wọn ló gba ọmọ là?"

Kò rọrùn láti dá irú ẹjọ́ yìí. A máa ń sọ nílé wa pé ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ. Kò sí ẹni tó ń jiyàn òwe náà. Ibi tí iyàn wà ni ẹni tí ẹni ẹ̀yìn náà jẹ́, àwọn méjèèjì sì ń sọ pé àwọn ni.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ pàápàá kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọmọ ajá ní ìlú Bar Harbor, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ní 1965. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kejìlá tí wọ́n bí ọmọ ajá ni ọkàn rẹ̀ ṣí jù lọ láti mọ ènìyàn àti láti fi ara mọ́ wọn. Èyí tí kò bá rí ènìyàn rárá ní àkókò yẹn máa ń di ẹhànnà, ó máa ń ṣòro láti tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ ajá bá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó bí i ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án yẹn jẹ́ ti ẹni tó bí i, mẹ́rin sì jẹ́ ti ẹni tó gbà á. Bàbá tó kọ̀ láti gbé wọn sílẹ̀ lọ́mọ oṣù kan, tó ní kí àwọn ọmọdé máa gbé wọn, ti ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè padà wá ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé tí ajá lọ bá so ó mọ́lẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà yóò bàjẹ́.

Àwọn tó ń fi ajá díje nílẹ̀ òyìnbó ti wá nǹkan ṣe sí i. Ìdíje ajá tó lókìkí jù ní Bìrìtéènì, ìyẹn Crufts, ti wà láti 1891. Nínú ìwé ìdíje náà, wọn kì í kọ orúkọ ajá lásán. Wọ́n á kọ orúkọ olówó rẹ̀, orúkọ ẹni tó bí i sílé, orúkọ ìyá rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Olówó ajá ló ń gbé ife lọ sílé, ṣùgbọ́n orúkọ ilé tí wọ́n ti bí ajá máa ń wà lára orúkọ ajá náà títí tó fi máa kú, bí wọ́n tilẹ̀ tà á fún ẹni mẹ́wàá. Òkìkí ti pín, owó kò pín.

Àwa náà ní tiwa nílé. Ẹni tó bá ní ewúrẹ́ tí kò ráyè sìn ín lè gbé e fún ẹlòmíràn láti bá a sìn, bí ó bá sì bímọ, àwọn méjèèjì á pín ọmọ. Àdéhùn yìí ti wà kí ìwé òfin tó dé ilẹ̀ wa. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé wọ́n máa ń sọ ọ́ kí ewúrẹ́ tó kúrò lórí ìso. Bàbá àti apẹja kò sọ nǹkan kan. Abọ́ ẹja kọjá sí ìhín, ọmọ ajá kọjá sí ọ̀hún, ó parí.

Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan, tí wọ́n ń pe irú wọn ní pen-pen níbí, dúró ń gbọ́ wa. Òun ló ní, "Ẹ̀yin àgbà, ta ló ṣe Weah?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí iyàn tí wọ́n ń jà ní erékùṣù Bushrod tí orúkọ George Weah kì í wọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà mú ọ̀rọ̀ wá.

Clara Town, tí kò jìnnà sí wa, ni Weah ti dàgbà. Ọdún 1966 ni wọ́n bí i. Àwọn òbí rẹ̀ pínyà nígbà tó ṣì kéré, ìyá bàbá rẹ̀, Emma Klonjlaleh Brown, ló tọ́ ọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ mìíràn nínú ẹbí. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Young Survivors, Mighty Barrolle àti Invincible Eleven níhìn-ín, ó kọjá sí Abidjan, ó dé Yaoundé. Claude Le Roy, tó ń kọ́ ikọ̀ Kamẹrúùnù nígbà náà, sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún Arsène Wenger, Wenger sì mú un lọ sí Monaco ní 1988. Ní 1995, wọ́n fi Weah ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Yúróòpù àti ní gbogbo àgbáyé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ọmọ Áfíríkà mìíràn tó gba Ballon d'Or.

Nígbà tó ń gba ọ̀kan nínú àwọn àmì ẹ̀yẹ ọdún yẹn ní Milan, ó rí Wenger láàárín èrò. Ó pè é sórí pèpéle, ó sì gbé àmì ẹ̀yẹ náà lé e lọ́wọ́. Nígbà tó di ààrẹ Láìbéríà ní 2018, kò tíì pé ọdún kan tó fi pe Wenger àti Le Roy wá sí Monrovia, tó fún àwọn méjèèjì ní oyè orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá mọ oore, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó ṣe.

Síbẹ̀, mo máa ń ro ti ìyá àgbà yẹn ní Clara Town. Kí Wenger tó rí ọmọ tó lè sáré, ẹnì kan ti kọ́kọ́ fún ọmọ náà ní ìrẹsì jẹ. Nígbà tí Wenger fi rí i, ó ti dá wọn lójú pé góòlù ni. Nígbà tí ìyá àgbà gbà á, ọmọ ọwọ́ tí ilé rẹ̀ tú ká lásán ni. FIFA náà ti rí i pé ó yẹ kí ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ agbábọ́ọ̀lù jẹ nínú èrè rẹ̀. Láti 2001 ni wọ́n ti ní òfin pé bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni òfin náà mọ̀, kò mọ ìyá àgbà. Ọmọ ọdún 12 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Ta ló ka mọ́kànlá tó ṣáájú?

Ibí yìí ni mo ti rí ohun tí mo máa fi wọn ẹjọ́ ajá. Mo yíjú sí bàbá, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ká ní ajá yìí gé ọmọ ẹlòmíràn jẹ ní àná, ilẹ̀kùn ta ni ìyá ọmọ náà máa kàn?" Bàbá dákẹ́. Ó mọ̀ pé wọn kò ní wá sí ilé òun. Apẹja fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bá bi òun náà pé, "Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí ajá yìí jí ẹja gbígbẹ àwọn aládùúgbò jẹ lọ́jọ́sí, ta ni wọ́n wá fẹjọ́ sùn?"

Ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, ló dáhùn. Ó ní, "Old Ma, èmi ni. Èmi ni mo san owó ẹja."

Gbogbo wa dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ máa ń wà lójú omi tàbí ní ìlú ẹja mìíràn. Obìnrin yìí ló ń fún ajá ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì àti orí ẹja. Òun ló ń fà á lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ igi lóru, tó ní kó máa sùn lẹ́nu ọ̀nà. Ká ní wọ́n so ó mọ́ igi ni, kò bá tí lè ha ilẹ̀kùn. Òkìkí ajá dé ọjà, wọ́n ń kí bàbá pé ó bí i, wọ́n ń kí ọkọ pé ó ni ín. Ẹni tó gba ẹ̀sùn ẹja kò gba kíkí kankan.

Bí a ṣe parí rẹ̀ nìyí: bàbá mú ọmọ ajá kan, èyí tó bá wù ú, nítorí iṣẹ́ oṣù méjì àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ẹnikẹ́ni tó bá sì béèrè, kí wọ́n sọ ilé tí ajá ti wá. Ọkọ ni olówó ajá, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àwọn ọmọ ajá yòókù, ìyàwó ni kó gbà á. Bàbá ló kọ́kọ́ ní òun fara mọ́ ọn. Ọkọ fi ọwọ́ nu orí, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí, ẹ mọ̀ pé a kò sọ̀rọ̀ ajá mọ́. Láyé àtijọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé wa pé ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tó burú ni ti ìyá. Òwe yẹn ti pín ìyìn àti ẹ̀bi sí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀bi máa kàn bí nǹkan bá bàjẹ́, òun ló yẹ kí ìyìn kàn bí ó bá dára.

Ẹ wo ilé yín. Ta ni wọ́n ń pè láti ilé-ìwé bí ọmọ bá jà? Ta ló ń jí ní agogo méjì òru bí ara ọmọ bá gbóná? Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, kì í ṣe bàbá, nígbà mìíràn kì í ṣe ìyá tó bí i pàápàá. Ìyá àgbà ni, tàbí àǹtí tí kò tíì rí ọmọ tirẹ̀ bí, tàbí ẹ̀gbọ́n tó fi ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ wà ní Òṣogbo lọ́dọ̀ ìyá àgbà, òbí wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Monrovia níhìn-ín, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́. Owó náà dára, ọmọ kò lè jẹ afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ bá gboyè jáde, àwòrán òbí ló máa kún orí fóònù gbogbo ẹbí, ìyá àgbà á wà lẹ́yìn níbẹ̀, wọ́n á gé e kúrò lára fọ́tò.

Aṣọ ni mò ń tà. Mo mọ iye tí àwọn ènìyàn ń ná lórí aṣọ ẹbí láti sin àǹtí tó tọ́ wọn. Mo ti rí ẹni tó ra ọgọ́ta ìró aṣọ kan náà fún òkú ẹni tí kò rán ìró kan sí nígbà tó wà láàyè. N kò lè sọ pé kí wọ́n má rà á, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìró kan nígbà ayé rẹ̀ ì bá ti dùn mọ́ ọn ju ọgọ́ta yẹn lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ fún ẹnì kan láti bá yín tọ́, ẹ ṣe bí àwọn tó ń gba ewúrẹ́ sìn ṣe ń ṣe: ẹ sọ ọ́ kí ọmọ tó kúrò nílé. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa máa ṣe fún ẹni náà, kì í ṣe fún ọmọ nìkan. Ẹ kọ́ ọmọ náà láti máa dárúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń kí i. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ pè é síwájú kí wọ́n tó ya fọ́tò, bí Weah ṣe pe ẹni tó mọ iyì rẹ̀ láàárín èrò.

Ẹni tó bí ọmọ kò ní pàdánù nǹkan kan nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ọmọ ń jẹ́. Ẹni tí wọ́n máa ń wá fẹjọ́ ọmọ sùn lọ́jọ́ tí kò dára, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rántí lọ́jọ́ tó bá dára.